Ọjọ́ Méje Tí Atọ́ka Kò Dé

Ẹ̀rọ náà tún kọ ọ́ sójú dígí, gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ ọ́ láàárọ̀: KÒ SÍ.

Ìbíyẹmí gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí tábìlì.

"Ìyá Atọ́ka, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?" Ohùn nọ́ọ̀sì jáde láti inú àpótí ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. "Kí ni ó sọ?"

"Mo wà níbí, Gbémisọ́lá. Kò tíì yí ọ̀rọ̀ padà."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi tún un bi. Bámigbóyè Ọ̀kánlàwọ́n. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Tíṣà ni, ní Àdúgbò Kẹrin. Ẹ bi í bóyá ó ní ẹ̀gbọ́n. Ẹ bi í bóyá ó ní àbúrò, ìbáà jẹ́ ọmọ bàbá, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá. Mi ò wá èèyàn púpọ̀. Ẹnì kan péré ni."

"Gbogbo rẹ̀ ni mo ti bi í."

"Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní géètì láti àárọ̀. Wọ́n ní kí a wá gba mùdùnmúdùn eegun tiwọn fún un. Ọ̀kan ti ká ṣòkòtò sókè, ó ní kí n wo ojúgun òun, pé eegun tó wà níbẹ̀ tó èèyàn mẹ́ta." Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú. "Mo ní òfin kò gbà á. Ẹni tí Ògiri bá pè ní ẹbí nìkan ló lè fún un."

"Ṣé òun fúnra rẹ̀ mọ̀?"

"Ó mọ̀, mà. Ó bi mí lọ́sàn-án yìí pé kí ni Ògiri wí. Mo ní a ṣì ń wá. Ó ní kí a bi í nípa àbúrò òun obìnrin. Mo ní àbúrò wo? Ó ní òun ní ọ̀kan nígbà kan, pé ó kéré gan-an ni. Ibà ló ń bá a sọ̀rọ̀. Mo ti wò ó. Ìyá rẹ̀ kò ní ọmọ mìíràn."

Ìbíyẹmí tún orúkọ náà kà lójú dígí.

"Aago mẹ́rin ni ìbéèrè ẹlẹ́ẹ̀kẹta, òun ló gbẹ̀yìn," ni nọ́ọ̀sì náà wí. "Tí ó bá tún jẹ́ kò sí, wọ́n á yọ ẹ̀rọ lára rẹ̀, wọ́n á gbé ẹlòmíì sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ẹni náà ti wà ní kọ́rídọ̀ báyìí. Mò ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí. Ẹ bá mi gbàdúrà, mà."

Òfin ní kí ó fọwọ́ sí ìdáhùn ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ìbíyẹmí fi òrùka òǹtẹ̀ tí ó wà ní àtàǹpàkò rẹ̀ kan etí dígí. Iná pupa kejì tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta ṣì dúdú. Aago tí ó wà lókè ilẹ̀kùn ń lọ sí méjì ààbọ̀.

Kò sí ilé kan ní Òkè-Ìsinmi tí kò ní àpótí Ògiri. Igun pálọ̀ ni ó máa ń wà, ó máa ń kùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, àwọn obìnrin a sì máa gbé òdòdó lé e lórí. Àwọn tí òkun lé dé orí òkè yìí ni wọ́n mọ ọ́n, lẹ́yìn tí gbogbo ìwé wọn ti bá omi lọ, tí ọkùnrin kò lè fi hàn mọ́ pé òun ni ọkọ aya òun. Wọ́n búra pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ohun tí ẹlẹ́rìí mẹ́ta bá rí, wọn a kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ, wọn a sọ ọ́ di búlọ́ọ̀kù, wọn a fi lé orí èyí tí ó wà nísàlẹ̀, Ògiri kan náà a sì wà nínú ilé gbogbo. Ẹni tí ó bá fẹ́ yọ búlọ́ọ̀kù kan, àfi kí ó wọ gbogbo ilé ìlú.

Ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù ti lé ní ogójì mílíọ̀nù. Ta ni yóò kà wọ́n tán kí ó tó rí orúkọ kan? Ìdí nìyẹn tí Ilé Atọ́ka fi wà. Nígbà tí Ìbíyẹmí bá ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun, ìwé orin ni ó máa ń gbé wá. Á fi rọ́bà di àwọn ojú ewé atọ́ka tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, á ní kí wọ́n wá orin kan jáde. Wọn a ṣí i, wọn a ṣí i, títí ó fi máa sú wọn. "Orin yẹn wà nínú rẹ̀," ni yóò wí. "Kò lọ síbì kankan. Ẹ kàn ò ní rí i ni."

Ó ti sọ ọ́ fún ọdún mẹ́rìnlélógún, àyà rẹ̀ sì máa ń já nígbàkúùgbà tí ó bá sọ ọ́.

"Ìyá Ìrètí!"

Alàgbà Ṣówándé ló wọlé. Òun ni olórí Ilé Atọ́ka, òun náà ló sì ń darí ẹgbẹ́ akọrin. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, bàtà rẹ̀ sì máa ń dún kí ara rẹ̀ tó dé. "Mọ́ínmọ́ín tí o gbé síbẹ̀ yẹn ti ń wò mí láti àárọ̀. Bí o kò bá ní jẹ ẹ́, sọ fún mi kí n gbàdúrà lé e lórí."

"Ẹ máa jẹ ẹ́, Bàbá. Kọ́kọ́rọ́ yín ni mo fẹ́."

"Fún kí ni?" Ó ti ń tú ewé mọ́ínmọ́ín.

"Fún àtúnkà. Kí atọ́ka má bẹ̀rẹ̀ ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ mọ́. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí agbẹ̀bí kọ ọ́ sílẹ̀."

Ọwọ́ bàbá náà dúró lórí ewé. "Ìwọ lo ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kẹjọ. Mo rántí aṣọ tí o wọ̀. Ìwọ lo kéré jù nínú àwa tí a ń kọ́ ilé yìí, o dìde níwájú ìgbìmọ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, o ní ọmọ tí a kò tíì sọ lórúkọ, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ kà á. O ní kí ó wà lọ́wọ́ Ọlọ́run nìkan fún ọjọ́ méje. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Mo dá orin, gbogbo ìgbìmọ̀ gbè é."

"Mo mọ̀, Bàbá. Orin yín yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa rí."

"Ó ṣe wá jẹ́?"

"Irọ́ ni mo pa. Kì í ṣe nítorí Ọlọ́run ni mo ṣe sọ ọ́. Nítorí ọmọ tí ó wà lẹ́yìn mi ni."

Ó pẹ́ kí ó tó yé e. Ó wo ojú obìnrin náà, ó wo orúkọ tí ó wà lójú dígí, ó wo iná pupa méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni ó fi ara rẹ̀ sórí àga díẹ̀díẹ̀.

"Ìrètí?"

"Ìrètí. Àbẹ̀ní Ọ̀kánlàwọ́n ni ó bí i, ní ilé àwọn oníbà. Ìyá ọkùnrin yìí. Agbẹ̀bí tẹ àtẹ̀lẹ́sẹ̀ ọmọ náà sórí Ògiri lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Lọ́jọ́ kẹjọ, èmi náà tẹ ẹsẹ̀ kan náà, mo fi orúkọ mi sí ipò ìyá. Òfin gbà á nígbà náà, ẹni tí ó bá sọ ọmọ lórúkọ ni ìyá rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀, Bàbá. Atọ́ka tí mo ṣe ni kò jẹ́ kí ọ̀kan rí ìkejì."

"Wọn ì bá ti gbà á lọ́wọ́ rẹ," ni Alàgbà wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Òfin ọmọ òrukàn. A kì í pín ọmọ ìyá kan sí ilé méjì."

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wá ọmọ."

Àpótí Ògiri ń kùn ní igun yàrá.

"Kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun," ni bàbá náà wí nígbẹ̀yìn, "ronú nípa àwọn yòókù. Àwọn ìyá kan wà ní ìlú yìí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé wọ́n bímọ rí. Àwọn kan bímọ tí kò rí ọjọ́ kẹjọ. Gbogbo ẹni tó bá béèrè ni atọ́ka ń dá lóhùn. Ṣé o fẹ́ kí aládùúgbò máa bi í léèrè nípa wọn ni?"

"Mo ti rò ó láti àárọ̀. A ó jẹ́ kí ó ka ọjọ́ méje náà, ṣùgbọ́n kí ó má dá ẹnikẹ́ni lóhùn lórí rẹ̀ àfi ẹni tí ó ni ín, tàbí ilé ìwòsàn. Mo ti kọ ọ́. Ó kù kí ẹ wò ó."

Ó gbé ojú sún mọ́ dígí, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ètè rẹ̀ ń mì.

"Ìyẹn ṣeé gbọ́," ni ó wí. "Òrùka yẹn máa kúrò lọ́wọ́ rẹ."

"Mo mọ̀."

"Mi ò ní lè gbà ọ́ sílẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀."

"Mi ò bẹ̀ yín, Bàbá."

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ láti ọrùn rẹ̀. Ìbíyẹmí mú tirẹ̀ jáde, wọ́n jọ yí kọ́kọ́rọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Dígí náà ṣófo, lẹ́yìn náà ni iye búlọ́ọ̀kù bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí rẹ̀ láti oókan, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n fi mọ wọ́n. Ó máa kà á tó wákàtí kan kí ó tó dé ọdún tí wọ́n bí Ìrètí. Bí àtẹ̀lẹ́sẹ̀ méjèèjì bá ti bára mu, ẹ̀rọ kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Yóò dá ilé ìwòsàn lóhùn, yóò sì pe ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn láti orí ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, yóò sọ fún un bí ó ṣe ń sọ ti ojú ọjọ́.

Ìbíyẹmí pe ọmọ rẹ̀.

"Màámi, orí òrùlé ni mo wà o." Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lẹ́yìn ohùn Ìrètí. Páànẹ́lì oòrùn ni ó máa ń tún ṣe. "Ṣé kò lè dúró di ìrọ̀lẹ́?"

"Kò lè dúró. Wá bá mi ní Ilé Atọ́ka."

"Ṣé ara yín ò yá ni?"

"Ara mi yá. Sọ̀ kalẹ̀ wá. Rọra gun àkàbà yẹn o."

Lẹ́yìn èyí, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Kò rí àdúrà gígùn gbà. "Olúwa, jẹ́ kí ó ti ẹnu mi gbọ́ ọ," ni ó kàn ń wí, "jẹ́ kí ó ti ẹnu mi gbọ́ ọ."

Aago mẹ́ta ti kọjá ní ogún ìṣẹ́jú kí Ìrètí tó dé. Ìgbànú irinṣẹ́ wà ní ìbàdí rẹ̀, eruku òrùlé sì wà lórúnkún ṣòkòtò rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Alàgbà. Bàbá náà dì í lórí mú díẹ̀, bí ẹni tí ó fẹ́ súre, ó sì jáde láìsọ ohunkóhun. Ó fa ilẹ̀kùn.

"Kí ló ṣe wọ́n?" ni Ìrètí béèrè. "Wọn ò tilẹ̀ bú mi pé mi ò wá sí ìdánrawò orin. Màámi, ẹ̀rù ti ń bà mí o."

"Jókòó."

"Mo dọ̀tí. Ẹ wí."

Iye búlọ́ọ̀kù ń sáré lẹ́yìn rẹ̀. Ó ku ọdún mẹ́ta. Ìbíyẹmí ti to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ tú dànù.

"Èmi kọ́ ni mo bí ọ."

Ìrètí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó rí ojú ìyá rẹ̀, ó jókòó.

Ìbíyẹmí sọ ọ́. Ó sọ ti ilé àwọn oníbà, níbi tí òun ti máa ń lọ kọrin fún àwọn aláìsàn láti ẹ̀yìn aṣọ títa. Ó sọ ti obìnrin tí ó kú, tí ó fa ọmọ lé òun lọ́wọ́. Ó sọ ti ọjọ́ kẹjọ àti ti atọ́ka. Ó sọ ti ọkùnrin tí ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ẹ̀rọ ti sọ lẹ́ẹ̀mejì pé kò ní ẹnì kan láyé.

"Bàbá mi mọ̀?" ni Ìrètí béèrè.

"Ó mọ̀. Ó mú àṣírí náà lọ sí sàréè."

"Gbogbo àwọn tó ń sọ pé imú mi jọ tiyín ńkọ́?"

"Wọ́n ń ṣoore fún mi ni."

Ìrètí fọwọ́ kan imú rẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ náà ni ó fi nu ojú, eruku sì fa ilà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ dún.

"Ìrètíolú," ni ohùn kékeré kan wí lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn jẹ́jẹ́ tí gbogbo ìlú mọ̀. "Ilé ìwòsàn béèrè ẹbí Bámigbóyè Ọ̀kánlàwọ́n. Ìwọ ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀. Ṣé o gbà kí a yẹ̀ ọ́ wò?"

Ojú dígí yí padà. Iná pupa méjèèjì kú. Ọ̀KAN ni ẹ̀rọ náà kọ.

"Ìyá Atọ́ka!" Gbémisọ́lá ń pariwo nínú àpótí ọ̀rọ̀. "Ìyá Atọ́ka, ó ti rí i! Ó rí ẹnì kan! Ibà kọ́ ló ń bá a sọ̀rọ̀ o! Ta ni ẹni yìí, ẹ mọ̀ ọ́n? Ẹ bá mi sọ fún un kó máa bọ̀, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́!"

Ìrètí tẹ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀. "Mo gbà," ni ó sọ fún un. Ó yíjú sí àpótí ọ̀rọ̀. "Nọ́ọ̀sì, mò ń bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀."

Ṣùgbọ́n kò lọ. Ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá rẹ̀, níwájú dígí.

"Ẹ bi í fún mi."

"Kí n bi í ní kí ni?"

"Ọjọ́ méje yẹn. Èmi ni mo ni ín, àbí? Ẹ bi í."

"Ìrètí, àkókò ń lọ."

"Ẹ bi í, Màámi."

Ìbíyẹmí kọ ìbéèrè náà. Ìrètí tẹ ẹ̀gbà ọwọ́ mọ́ dígí kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé òun ni, ìwé agbẹ̀bí sì jáde, búlọ́ọ̀kù kan fún ọjọ́ kan, bí wọ́n ti kọ ọ́ lọ́dún náà lọ́hùn-ún. Ìrètí kà á sókè.

"Ọjọ́ kìíní. Obìnrin. Ó ké kí n tó fọwọ́ kàn án.

"Ọjọ́ kejì. Ọmọ mu ọmú. Ibà ìyá kò rọlẹ̀.

"Ọjọ́ kẹta. Bákan náà.

"Ọjọ́ kẹrin. Ẹ̀gbọ́n ọmọ wá sójú fèrèsé, ọmọ ọdún márùn-ún. Mi ò lè jẹ́ kí ó wọlé. Ó na àgbàdo sísun kan sí mi, ó ní ti àbúrò òun ni. Mo ní kò tíì hu eyín. Ó ní kí n bá a pa á mọ́ títí yóò fi hu eyín."

Ìrètí dúró. Ó fi ahọ́n kan eyín rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó tún bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀.

"Ọjọ́ karùn-ún. Ọmọ sùn dáadáa. Ìyá kò dá mi mọ̀ mọ́.

"Ọjọ́ kẹfà. Ojú ìyá là ní ìdájí. Ó bi mí pé àwọn ọmọ òun dà. Ó ní kí n pe Ìbíyẹmí akọrin. Ó ní kí ó mú àwọn méjèèjì. Ìbíyẹmí ní òun gbà. Ìyá kú. Ìbíyẹmí gbé ọmọbìnrin lọ, ó ní òun ń padà bọ̀ wá mú ọkùnrin."

Ìbíyẹmí ti bo ojú.

"Ọjọ́ keje," ni Ìrètí kà. "Ọmọ kò sí lọ́dọ̀ mi mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì jókòó lẹ́nu géètì."

Kò sí búlọ́ọ̀kù mìíràn lẹ́yìn ìyẹn.

"Ẹ ò sọ èyí fún mi," ni Ìrètí wí. "Ní báyìí tí ẹ ní ẹ̀ ń sọ gbogbo rẹ̀, ẹ ò sọ èyí."

"Kò jáde lẹ́nu mi."

"Ṣé ẹ padà lọ?"

"Mo padà lọ. Mo dé orígun òpópónà. Mo rí i níbi tí ó jókòó sí, ó ti to òkúta kéékèèké sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀." Ìbíyẹmí mí kanlẹ̀. "Ó ti mọ ìyá rẹ̀. Mo rò pé kò ní pè mí ní ìyá láéláé. Mo tún rò pé yóò máa sọ ọ́ fún ọ. Mo yí padà."

Ìrètí wò ó pẹ́, bí ẹni ń ka ìwé tí kò mọ̀ pé ó wà. Ó fa ìgbànú irinṣẹ́ rẹ̀ le. Ó lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó ṣí ilẹ̀kùn, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì wọlé pẹ̀lú ohùn Alàgbà tí ó ń fi imú kọrin níta.

Ìbíyẹmí bọ́ òrùka kúrò ní àtàǹpàkò, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ínmọ́ín tí ẹnikẹ́ni kò jẹ. Ó rò pé ilẹ̀kùn yóò tì, pé òun yóò wà níbẹ̀ nìkan.

"Màámi."

Ó gbé orí sókè.

"Ẹ dìde," ni Ìrètí wí. Kò wẹ̀yìn. "Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un. Èmi ò ní bá yín sọ ọ́."

Ọkọ̀ kékeré tí kò ní awakọ̀ ni wọ́n wọ̀. Ní oríta tí ó kángun sí ilé ìwòsàn, obìnrin kan jókòó ti iná èédú lábẹ́ agbòòrùn. Ìrètí ní kí ọkọ̀ dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó mú àgbàdo sísun kan tí ó ṣì gbóná, ó fi áńkáṣífù wé e, ó sì kì í bọ àpò irinṣẹ́ rẹ̀, láàárín ìṣó àti wáyà.

Ìbíyẹmí la ẹnu láti sọ pé ẹni tí ó wà lórí ẹ̀rọ kò lè jẹ àgbàdo. Ó tún pa á dé.